Corfe: Ilé Olódi Tí Ẹ̀tù Wó, Tí Kò Sì Wó Tán

Ní apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Dorset, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí ó sì ku díẹ̀ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ kan òkun, òkè ẹfun kan wà tí ó nà láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí odò kékeré méjì, tí ọ̀kan ń jẹ́ Byle Brook tí èkejì sì ń jẹ́ Wicken, ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún gé já láàárín, tí wọ́n sì fi òkè kékeré kan sílẹ̀ gedegbe ní ojú àlàfo náà. Orí òkè tí ó dá dúró yìí ni ilé olódi Corfe wà, tàbí kí a kúkú wí pé ibẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ wà: ògiri òkúta tí ó ga fíofío tí ojú ọ̀run ń yọ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ilé ìṣọ́ tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sì ṣubú, àti àfọ́kù ògiri ràbàtà-ràbàtà tí ó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè ní ọdún 1646, tí ó sì wà níbi tí ó bọ́ sí títí di òní olónìí.

Ẹni tí ó bá rí irú àwókù báyìí a máa yára sọ pé òjò àti ìjì, oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́, ni ó sọ ilé di bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a mọ̀ ni pé ilé tí kò bá ní olùgbé, igbó ni yóò gbà á. Ti Corfe kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wó o, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba àti ẹ̀tù ìbọn, kì í sì í ṣe nítorí pé odi náà ti di ahẹrẹpẹ, bí kò ṣe nítorí pé ó lágbára jù, tí àwọn tí ó gbà á kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí i lò sí wọn mọ́. Bí a bá ń rántí èyí bí a ti ń gun òkè náà, ojú tí a ó fi wo òkúta kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilé olódi jẹ́. Odi tí àwọn baba ńlá wa mọ ní Ọ̀yọ́, ní Ifẹ̀ àti ní Ìjẹ̀bú, odi ìlú ni. Olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, gbogbo wọn ni odi náà ń dáàbò bò. Ilé olódi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ará ìlú. Ọba kan tàbí ìjòyè kan ni ó ni ín. Òun àti ìdílé rẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àti ìṣúra rẹ̀ ni ó wà nínú ògiri, àwọn ará abúlé a sì wà lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n máa ro oko tí yóò bọ́ àwọn ará inú. Lẹ́yìn ọdún 1066, tí William láti Normandy gba òkun kọjá tí ó sì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni irú ilé báyìí pọ̀ káàkiri, nítorí àjèjì tí ó gba ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè sùn kí ó di ojú méjèèjì láìsí ògiri tí ó nípọn láàárín òun àti àwọn tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ní Corfe kí William tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 978, ọba ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Edward, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, lọ kí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, Æthelred, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Ælfthryth, ní Corfe. Edward kò padà lọ láàyè. Ohun tí àwọn òpìtàn ayé àtijọ́ sọ ni pé orí ẹṣin ni ó ṣì wà tí wọ́n fi gbé ife fún un láti mu, bí ó sì ti tẹ̀ síwájú láti gbà á ni wọ́n gún un lọ́bẹ. Æthelred ni ó gun orí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ẹ̀bi ikú náà ru Ælfthryth, ìyàwó bàbá Edward. Àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà pe ọba tí a pa ní ajẹ́rìíkú, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nínú abúlé Corfe lónìí sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí William dé, ó rí ohun tí ojú jagunjagun ń rí: ẹni tí ó bá jókòó sí ojú àlàfo yìí ni yóò máa mọ ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ láàárín ìlú Wareham àti òkun. Ilẹ̀ náà ti àwọn obìnrin ilé ìsìn Shaftesbury ni, William sì fi ṣọ́ọ̀ṣì Gillingham ṣe pàṣípààrọ̀ fún wọn. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé erùpẹ̀ àti igi ni wọ́n fi ń kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé olódi ilẹ̀ náà, òkúta ni William fi yí orí òkè Corfe ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògiri ilé kan tí ó ti ìgbà náà wá ṣì wà ní agbo ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn àgbàlá ilé olódi náà ní apá ibẹ̀: àwọn òkúta rẹ̀ kò sùn gbalaja bí ti ògiri yòókù, ìlà kan dà sí ọ̀tún, ìlà tí ó tẹ̀ lé e dà sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ léra wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò kọjá lára rẹ̀ láìwò ó, èmi sì rò pé kò sí ibì kan nínú gbogbo Corfe tí ó yẹ kí a dúró sí pẹ́ ju ibẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ ọ̀mọ̀lé tí ó to òkúta wọ̀nyẹn ti di erùpẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì hàn kedere bí ẹni pé àná ni ó fi í sílẹ̀ lọ sílé.

Ọmọ William, Ọba Henry Kìn-ín-ní, ni ó kọ́ ilé gogoro tí ó wà ní ṣóńṣó òkè, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1105. Òkè náà fúnra rẹ̀ ga tó mítà 55, ilé gogoro sì tún fi mítà 21 lé e, òkúta Purbeck tí wọ́n ń wà ní agbègbè náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, tí ó fi jẹ́ pé láti ọ̀nà jíjìn ni àgbẹ̀ nínú oko rẹ̀ ti ń rí ilé ọba lókè orí rẹ̀. Ìdí tí ọba fi kọ́ ọ ga tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, nítorí yàtọ̀ sí ogun, ilé gogoro ń sọ̀rọ̀ láìya ẹnu: ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọba wà nílé. Ní ọdún 1139, nígbà tí ìjà orí ìtẹ́ bẹ́ sílẹ̀, Ọba Stephen kó ogun ti Corfe nítorí ìjòyè kan tí ń jẹ́ Baldwin de Redvers tí ó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó tì í títí, kò rí i gbà, ó sì ká àgọ́ rẹ̀ kúrò. Òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n gbàgbọ́ pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ó kó o jọ ṣì wà ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilé olódi náà, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní The Rings, àgùntàn sì ń jẹ koríko lórí rẹ̀.

Nínú gbogbo ọba tí ó gbé Corfe, John ni ó fẹ́ràn rẹ̀ jù, John náà sì ni ó fi orúkọ burúkú sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1199 ni ó ti jọba títí di 1216, ó sì ná ohun tí ó ju £1,400 lọ sórí Corfe, owó tí ó pọ̀ púpọ̀ ní ìgbà náà. Ó mọ ògiri yí agbo ìwọ̀ oòrùn ká, ó gbẹ́ yàrà, ó sì kọ́ ààfin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gloriette sí ẹ̀gbẹ́ ilé gogoro, ilé tí ó dára, tí ó ní gbọ̀ngàn àti yàrá àti fèrèsé aláràbarà, kí ọba lè máa jẹ̀gbádùn ní ibi tí ọ̀tá kò lè dé. Ṣùgbọ́n ibi tí olówó ti ń jẹ àsè nínú ògiri, ẹlẹ́wọ̀n ń bẹ nínú ògiri kan náà tí ebi ń pa. Ní ọdún 1202, John ṣẹ́gun àwọn ìbátan rẹ̀ ní Mirebeau ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kó ọ̀pọ̀ jagunjagun ẹlẹ́ṣin lẹ́rú. Nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí Corfe, méjìlélógún ni àkọsílẹ̀ ìgbà náà sọ pé ebi pa kú. Ní ìjà yẹn kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ Eleanor, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àfi pé ẹ̀jẹ̀ ọba tí ń bẹ lára rẹ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́ tí John jókòó lé. Wọn kò pa á. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi sí, ní Corfe àti ní àwọn ilé olódi mìíràn, John kú tán ó ṣì wà níbẹ̀, ọmọ John jọba kò tú u sílẹ̀, títí ikú fi wá mú un ní ọdún 1241. Ọdún 39 ni obìnrin yìí fi gbé inú ògiri nítorí orúkọ bàbá rẹ̀.

Ìtàn Peter ará Wakefield náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ń sọ kiri pé kí ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run ọdún 1213 tó kọjá, John kò ní jẹ́ ọba mọ́. John mú un, ó tì í mọ́ Corfe, ó sì dúró de ọjọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ kọjá tí adé ṣì wà lórí ọba, wọ́n so Peter mọ́ ìdí ẹṣin, wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ lọ sí Wareham, wọ́n sì so ó rọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn máa kọ háà ni pé, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí Peter dá, John ti fi adé rẹ̀ lé aṣojú Póòpù lọ́wọ́, ó sì gbà á padà gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Póòpù, tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin tí wọ́n pa sọ.

Henry Kẹta, ọmọ John, fi ilé ìṣọ́ àti ibodè kún un, ní ọdún 1244 ó sì pàṣẹ kí wọ́n fi ẹfun kun ilé gogoro náà lára, kí ó máa tàn yòò lórí òkè. Ìgbà tí a bá rí òkúta eérú tí ó wà níbẹ̀ lónìí, ó yẹ kí a fi ojú inú wò ó ní funfun báláú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ Henry, Edward Kìn-ín-ní, parí ohun tí ó kù lára ibodè ìta, láti ìgbà náà ni kò sì tún sí iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi kún odi náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún ti Corfe jáde ní ọdún 1330 tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn ńlá. Wọ́n ti rọ Edward Kejì lóyè ní ọdún 1327, wọ́n sì ti kéde pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ahesọ gba ìlú kan pé ó wà láàyè nínú Corfe. Àbúrò rẹ̀, Edmund, Ìjòyè Kent, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n sì mú kí ó kọ ìwé pé òun ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ìwé náà bọ́ sí. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un ní Winchester, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó sì fi dúró ní ibi ìpànìyàn nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ ọmọ ọba lórí, àfi ìgbà tí wọ́n rí ọ̀daràn kan tí òun náà ń dúró de ikú, tí ó gbà láti ṣe é kí wọ́n lè dá ẹ̀mí tirẹ̀ sí.

Bí ìgbà ti ń yí, ìṣe àwọn ọba ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Àgbá ńlá dé, ààfin onífèrèsé gbígbòòrò dé, àwọn ọba kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò òkè Corfe mọ́. Ní ọdún 1572, Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní ta á fún Christopher Hatton, ìjòyè rẹ̀ kan. Ní ọdún 1635, ó bọ́ sọ́wọ́ John Bankes, agbẹjọ́rò àgbà fún Ọba Charles Kìn-ín-ní, ẹni tí ó di adájọ́ ńlá lẹ́yìn náà. Aya Bankes, Mary, ọmọ Hawtrey ti Ruislip, ni ìtàn Corfe sì dúró lé lórí láti ibí lọ.

Ogun abẹ́lé láàárín Ọba Charles àti Ilé Aṣòfin bẹ́ sílẹ̀ ní 1642. Bankes tẹ̀ lé ọba, ó sì fi ilé olódi rẹ̀ sílẹ̀ sí ọwọ́ aya rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ìwọ̀nba ìránṣẹ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1643, gbogbo ilẹ̀ etíkun agbègbè náà ti wà lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin, Corfe nìkan ni ó kù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, tí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń dẹ ìgalà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, àwọn ọmọ ogun Ilé Aṣòfin fẹ́ fi ìgbẹ́ dídẹ ṣe ẹ̀tàn láti yọ́ wọlé; Mary Bankes ti gbọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn èyí, ogójì awakọ̀ òkun ti Poole wá pé kí ó kó ìbọn àgbá kékeré mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin márùn-ún péré ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn ọkùnrin márùn-ún náà àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ gbé àgbá kan sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n yìn ín, àwọn awakọ̀ òkun sì sá lọ. Obìnrin bí ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akin nìkan ni, ológbọ́n ni pẹ̀lú, nítorí nígbà tí ó rí i pé wọn yóò tún padà wá, ó kó àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún wọn kí wọ́n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀, bí ọkàn wọn sì ti balẹ̀ ni ó ń kó oúnjẹ àti ẹ̀tù jọ sínú ògiri, tí ó sì ń ránṣẹ́ pe ọmọ ogun, títí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi tó nǹkan bí 80.

Nígbà tí Walter Erle, ọ̀gágun Ilé Aṣòfin kan, wá sàga ti Corfe pẹ̀lú ọmọ ogun bí 500 sí 600, odi ti le ju bí ó ti rò lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni wọ́n sọ di àgọ́ ogun, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn sókè. Aṣọ funfun àwọn àlùfáà ni wọ́n gé ṣe ẹ̀wù, fèrè dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi ń kó ẹ̀tù àti ọta. Wọ́n kan pákó sí orí àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n fi awọ ẹran bò ó, wọ́n sọ ọ́ ní Abo Ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń tì í bọ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó ti bo orí wọn tó, kò bo ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ náà ni àwọn ará òkè sì ń yìnbọn sí, tí àwọn tí ó lè rìn nínú wọn fi tiro sá padà. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n fi àkàbà tí àwọn awakọ̀ òkun gbé wá kọlu odi náà, wọ́n ṣèlérí £20 fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gun ògiri, wọ́n sì fún wọn lọ́tí mu kí ojú lè le. Ìyá Bankes, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọ ogun márùn-ún ni ó ṣọ́ agbo òkè, wọ́n ń sọ òkúta àti ẹyin iná gbígbóná lé àwọn tí ń gun àkàbà lórí. Àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìdótì náà gbà; ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ìròyìn dé pé ogun ọba ń bọ̀, àwọn tí ó dó ti odi sì tú ká, lẹ́yìn tí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nínú wọn ti kú. Ènìyàn méjì péré ni ó kú nínú Corfe.

John Bankes kú ní Oxford ní òpin ọdún 1644, ọ̀rọ̀ ọba sì ń burú sí i lójoojúmọ́. Ní ọdún 1645, ogun tún dó ti Corfe, Ọ̀gágun Bingham ni ó ṣíwájú rẹ̀, ní àkókò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí odi ọba mìíràn mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Àgbá ń dún, ebi ń sún mọ́lé, síbẹ̀ odi kò gbà. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ọ̀gá ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Pitman wà nínú àwọn tí ó ń ṣọ́ odi, ọkàn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun yóò lọ kó ọmọ ogun wá láti Somerset láti fi kún tiwọn; wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 1646, ó kó ènìyàn dé lóòótọ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un tayọ̀tayọ̀, ọmọ ogun Ilé Aṣòfin sì ni àwọn tí ó kó wọlé. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni àwọn ará odi rí i pé ọ̀tá ti wà lórí ilé ìṣọ́ tiwọn. Kò sí ìjà tí ó kù láti jà. Odi tí Ọba Stephen kò rí gbà, tí ọmọ ogun 600 kò rí gbà, ilẹ̀kùn tí a ṣí láti inú ni ó gbé e lọ. Ògiri lanu, aláǹgbá wọlé.

Àwọn tí ó ṣẹ́gun bọ̀wọ̀ fún ìgboyà ìyá Bankes, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ ilé olódi náà padà fún un gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé rẹ̀ ti wí, ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ kò rí àánú gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 1646, Ilé Aṣòfin dìbò pé kí wọ́n wó Corfe. Àwọn òṣìṣẹ́ walẹ̀ sí abẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri, wọ́n kó ẹ̀tù sí i, wọ́n tanná bọ̀ ọ́, wọ́n sì tún lọ sí abẹ́ ilé ìṣọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe é, ó sì hàn pé ó sú wọn kí ó tó tán, nítorí ohun tí ó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ̀tù náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó dúró ní iwájú ibodè kejì, ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ilé ìṣọ́ méjì ni ó so ibodè yìí mọ́ra, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, òkúta sì tẹ̀ kọdọrọ láàárín wọn lókè. Ẹ̀tù bú lábẹ́ ti òsì, ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé ìṣọ́ náà sì rọ̀ sísàlẹ̀ lódindi, láìfọ́, láìdojúbolẹ̀, ó sì dúró síbi tí ó bá ara rẹ̀. Ẹ wo ojú ihò tí ilẹ̀kùn onírin ti máa ń gòkè tí ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀: ní apá ọ̀tún ó wà ní ibi tí ọ̀mọ̀lé fi í sí, ní apá òsì ó ti lọ sísàlẹ̀ jìnnà, àwọn méjèèjì kò sì tún bára mu mọ́. Láàárín òkúta tí ó ya yìí ni gbogbo àlejò ń gbà kọjá lọ sókè, ó sì yẹ kí a gbé ojú sókè kí a tó kọjá.

Àwọn ará abúlé kò jẹ́ kí òkúta tí ó wó sílẹ̀ ṣòfò. Bí a bá rìn ní òpópónà Corfe, tí gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ òkúta eérú láti ìpìlẹ̀ dé orí òrùlé, a ó rí àtẹ́rígbà àti òpó tí iṣẹ́ ọnà ara wọn ti pọ̀ ju ti ilé àgbẹ̀ lọ, nítorí ilé ọba ni wọ́n ti wá. Ìdílé Bankes gba ilẹ̀ wọn padà nígbà tí ọba tún dé orí ìtẹ́ ní 1660, ṣùgbọ́n wọn kò tún Corfe kọ́. Ilé tuntun ni wọ́n lọ kọ́ sí Kingston Lacy, nítòsí Wimborne. Ọwọ́ wọn ni òkè náà wà títí di ìgbà tí Ralph Bankes, ẹni ìkẹyìn nínú wọn, kú ní ọdún 1981, tí ó sì fi Corfe àti Kingston Lacy àti ilẹ̀ rẹpẹtẹ ta ẹgbẹ́ National Trust lọ́rẹ, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ fún gbogbo ará ìlú. Láàárín 2006 sí 2008, wọ́n ti ilé gogoro mọ́ àlejò nítorí òkúta rẹ̀ ń mì, àwọn ọ̀mọ̀lé sì tún àárín òkúta náà dì. Wọn kì í kọ́ ohun tí ó wó padà. Ohun tí ó kù ni wọn kì í jẹ́ kí ó ṣubú, ìpinnu yìí sì tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀. A máa ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, ohun tí a sì ní lọ́kàn ni pé a ó tún un kọ́ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ti Corfe, ẹwà náà dé láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un kọ́.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le fún àwọn ènìyàn wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Weymouth láti Waterloo a máa dúró ní Wareham, bọ́ọ̀sì sì ń ti ibẹ̀ gba Corfe kọjá lọ sí Swanage. Ẹni tí ó bá gbé mọ́tò wá lè gbé e sílẹ̀ ní Norden, kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí ń jó èédú, tí ó ń tú èéfín, tí ó ń gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá. Ìjọba ti pa ọ̀nà irin náà tì ní 1972, àwọn ará ìlú tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe, tí ọkọ̀ fi tún dé ibùdókọ̀ Corfe ní 1995. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àlejò má ṣe kọ́kọ́ gun òkè. Nínú abúlé, ibì kan wà tí wọ́n ti mọ Corfe ní kékeré, ìdá kan nínú ogún bí ó ti tóbi sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí kí ẹ̀tù tó débẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo ìyẹn, kí ó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Edward kí ó wo bí ó ti súnmọ́ odi tó, kí ó tó wá gba orí afárá yàrà wọlé. Òkè náà ga gan-an, òkúta rẹ̀ sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, nítorí náà kí ó wọ bàtà tí ó dì mọ́ ilẹ̀. Arúgbó àti ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbádùn agbo ìta, ṣùgbọ́n ti òkè yóò ṣòro fún wọn. Owó ìwọlé wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ National Trust. Bí ìjì bá pọ̀, wọ́n máa ń ti ibẹ̀, ó sì dára kí a béèrè kí a tó kúrò nílé. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé e, kí ó sọdá lọ sí West Hill lódìkejì, nítorí láti ibẹ̀ ni a ti ń rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo, abúlé, àwókù àti òkè ẹfun lẹ́yìn wọn.

Àwọn kọ́kọ́rọ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan wà ní Kingston Lacy, níbi tí ère ìyá Bankes náà wà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ méjì lè lo èkejì níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì ráyè dé Dorset, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Ruislip ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kí ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Martin, yóò rí òkúta ìrántí Mary Bankes níbẹ̀, ní ìlú tí wọ́n bí i sí, ẹni tí ó kú ní ọdún 1661 lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti rí ọba padà sórí ìtẹ́.